Èésú Àwọn Erékùṣù

Ní oṣù Keje ọdún 2025, wọ́n kó àga àti tábìlì kúrò nínú àwọn kíláàsì kan ní Orkney, àwọn erékùṣù tó wà lókè àríwá Scotland, wọ́n sì tẹ́ bẹ́ẹ̀dì síbẹ̀. Àlejò ń bọ̀. Ibi tí gbogbo olùgbé rẹ̀ kò ju nǹkan bí 22,000 lọ fẹ́ gba eléré ìdárayá láti erékùṣù tó lé ní 20 fún ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n sáré, kí wọ́n lúwẹ̀ẹ́, kí wọ́n gun kẹ̀kẹ́. Island Games ni orúkọ ìdíje náà. Isle of Man ló kọ́kọ́ gbà á lálejò ní 1985, ọdún méjì méjì ni wọ́n sì ń ṣe é láti ìgbà náà, àfi ìgbà tí àrùn Kòrónà sún ti 2021 di 2023.

Ìyá mi dá èésú lọ́jà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìdí nìyẹn tí ojú mi fi lọ síbi owó kó tó lọ síbi góòlù àti fàdákà. Èésú gan-an làwọn ará erékùṣù wọ̀nyí ń dá. Erékùṣù kan á gba àlejò, àwọn tó kù á wọkọ̀ lọ bá a, wọ́n á sanwó ibùsùn, wọ́n á ra oúnjẹ, ẹbí tó bá wọn wá wòran náà á náwó, gbogbo rẹ̀ á kù sọ́wọ́ onílé. Bó bá di ọdún méjì sí i, ó kan ẹlòmíì. Guernsey ti kó o lẹ́ẹ̀mẹ́ta: 1987, 2003 àti 2023. Åland ti Finland kó o ní 1991 àti 2009, Gotland ti Sweden kó tirẹ̀ ní 1999 àti 2017. Ọwọ́ tó kàn, ti Faroe ni, ní 2027.

Báwo ni ìlú kékeré ṣe ń gba irú àlejò bẹ́ẹ̀ tí kì í wọ gbèsè? Ìlú ńlá ni Montreal, ó gba Olympics lálejò ní 1976, ọdún 2006 ló sì tó san gbèsè pápá ìṣeré rẹ̀ tán. Ọgbọ̀n ọdún! Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí wọ́n ṣí i ti lè bí ọmọ tirẹ̀ kí gbèsè náà tó kúrò nílẹ̀. Àwọn erékùṣù wọ̀nyí kò gba ọ̀nà yẹn. Onílé ló ń yan eré tí wọ́n máa ṣe lára àwọn tí ẹgbẹ́ wọn fọwọ́ sí, èyí tó bá sì ní pápá fún ló ń mú. Èyí tí kò bá sí ibi tí wọ́n máa ṣe é, ó di ọjọ́ mìíràn. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ibi táwọn ọmọ iléèwé ti ń kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ látọdún dé ọdún ni àlejò máa lúwẹ̀ẹ́. Bí àlejò bá lọ, àwọn ọmọ á padà sínú omi wọn.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbi omi yẹn, torí kò ṣàdédé sun látinú ilẹ̀. Shetland, aládùúgbò Orkney, ló gba ìdíje náà ní 2005. Apẹja àti olùṣọ́-àgùntàn ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí epo rọ̀bì lábẹ́ Òkun Àríwá, tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ń wá ibi tí wọ́n máa gbé e gúnlẹ̀ sí, ìgbìmọ̀ ìlú náà kò káwọ́ gbera. Ian Clark, akọ̀wé àgbà wọn, wà lára àwọn tó léwájú. Ní 1974, wọ́n gba òfin kan jáde nílé aṣòfin ní London tó fún wọn láṣẹ lórí èbúté àti ilẹ̀ Sullom Voe, ibi tí epo náà máa gúnlẹ̀ sí. Àṣẹ yẹn ni wọ́n gbé lọ́wọ́ tí wọ́n fi bá àwọn elépo jókòó: ẹ máa dà wá láàmú, ẹ máa sanwó ìdààmú náà, bí epo bá sì ṣe ń gba ibí kọjá sí ni owó á ṣe máa wọlé sí. Wọn kò pín owó ọ̀hún jẹ. Ní 1976, wọ́n dá àpò ìlú sílẹ̀, Shetland Charitable Trust, owó epo sì ń wọnú rẹ̀. Látinú àpò yẹn ni wọ́n ti rówó kọ́ ilé eré ìdárayá, kì í sì í ṣe ní Lerwick, olú ìlú wọn, nìkan. Erékùṣù Unst ní tirẹ̀, Yell ní tirẹ̀, Whalsay ní tirẹ̀. Mẹ́jọ ló wà káàkiri, fún ènìyàn bí 23,000. Nígbà tó kàn wọ́n láti gba àlejò, ilé ti wà nílẹ̀, gbígbá ni wọ́n gbá a. Orkney náà ní irú àpò bẹ́ẹ̀, látara owó èbúté epo Flotta.

Mi ò lè kọ èyí kí ọkàn mi má lọ sí etíkun Ìlàjẹ, níbi tí epo ti ń jáde nínú òkun tiwa, tí omi sì ń jẹ Ayétòrò lọ, ilé kan tẹ̀lé òmíràn. Epo tí Shetland rí kọ́ ni mò ń jowú. Wọ́n ti jókòó ṣàdéhùn kí epo àkọ́kọ́ tó gúnlẹ̀ ní 1978, wọ́n sì rántí ọmọ tí yóò fẹ́ lúwẹ̀ẹ́. Ìyẹn ló ń dùn mí.

Apá kan wà nínú èésú yìí tí kò tẹ́ mi lọ́rùn. Àwọn kan ń dá, mi ò sì rí ọjọ́ tí wọ́n máa kó. Sark ní ènìyàn bí 500, mọ́tò kò sí níbẹ̀, kẹ̀kẹ́, ẹṣin àti tirakítọ̀ ni wọ́n ń lò. Ta ni Sark fẹ́ gbà lálejò? Falkland wà nísàlẹ̀ gúúsù Atlantic, pẹ̀lú ènìyàn bí 3,500, ibẹ̀ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì tó nǹkan bí kìlómítà 13,000. Ní ti St Helena, tẹ́lẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ló máa ń gbé wọn lọ sí Cape Town fún nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún kí wọ́n tó lè wá ọkọ̀ òfuurufú. Ọdún 2017 ni bàálù akérò tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná ibẹ̀ déédéé. Nígbà tí Bermuda kó tirẹ̀ ní 2013, ọ̀nà jìn, ibẹ̀ sì wọ́n, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ọkùnrin mẹ́rin péré ló gbá bọ́ọ̀lù: Bermuda fúnra rẹ̀, Greenland, Falkland àti Frøya ti Norway. Ní Isle of Wight lọ́dún méjì ṣáájú, wọ́n lé ní mẹ́wàá.

Owó ọkọ̀ ló yẹ kí wọ́n jọ máa dá. Jersey, Guernsey àti Isle of Man ń jẹun lára báǹkì, Bermuda ń jẹun lára iṣẹ́ adójútòfò. Ọmọ Jersey tó ń lọ Guernsey, wákàtí díẹ̀ lórí omi ni. Kí ló dé tí kò fi ní yọ díẹ̀ sínú owó bàálù ọmọ St Helena? Níbi ayẹyẹ ìṣíde, ikọ̀ kọ̀ọ̀kan máa ń mú omi ìlú wọn wá nínú ìgò, wọ́n á dà á pọ̀ lójú kan. Omi ìgò kan láti Falkland gba orí ìdajì ayé kọjá kó tó dé ibẹ̀.

Nínú ẹgbẹ́ èésú ìyá mi, obìnrin kan wà tó ń ta ẹ̀fọ́. Ọjà rẹ̀ kéré, abúlé rẹ̀ ló sì jìn jù. Òun ni wọ́n máa ń fún ní ọwọ́ àkọ́kọ́ nígbàkigbà tí èésú bá yí padà. Mo bi ìyá mi léèrè ìdí rẹ̀ nígbà kan. Ó ní tí a bá ka owó ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ ọn, obìnrin yẹn ti dá kí àwọn tó dá.