Ohun Tí A Bá Fi Ẹ̀sọ̀ Mú

Àwọn àgbà ní, ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ẹni tó bá ti wo apẹja lórí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ yóò mọ ibi tí òwe yìí ń lọ. Bí àwọ̀n bá há mọ́ kùkùté lábẹ́ omi, apẹja kì í fi ìbínú já a gbà. Yóò tukọ̀ sẹ́yìn díẹ̀, yóò dẹ okùn, yóò tún rọra fà. Ẹni tó bá fi agbára fà á, àwọ̀n tó ya ni yóò gbé délé.

Ọ̀rọ̀ ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ wú ni mo fẹ́ fi òwe yìí tú lónìí. Encephalitis ni àwọn dókítà ń pe àìsàn náà. Fáírọ́ọ̀sì lè fà á. Nígbà mìíràn, àwọn ọmọ ogun ara fúnra wọn ló ń dojú ìjà kọ ọpọlọ. Bí wíwú náà bá lọ, ó lè fi àpá sílẹ̀, gìrì a sì máa ti ibi àpá náà bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹlòmíràn tó ti yè é fi ń mú oògùn gìrì délé.

Ẹ fojú inú wo obìnrin kan ní Ọjà Olúwo, ní Ẹ̀pẹ́, tó ti ilé ìwòsàn dé. Carbamazepine ni wọ́n fún un. Ó na ọwọ́ mú ẹja ọ̀bọ̀kún kan, méjì ló ń rí. Ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò mọ èyí tí yóò gé. Oníbàárà san owó, ó gbàgbé iye ṣéńjì. Òòyì ń kọ́ ọ, oorun ń kùn ún lọ́sàn-án gangan. Ìyá rẹ̀ wọkọ̀ láti Ìkòròdú, ó gba Ìtóìkín wá wò ó, ó ní, “Ọmọ mi, oògùn yìí fẹ́ sọ ọ́ di ọ̀dẹ̀. Dà á nù.” Ó dà á nù. Ojú rẹ̀ dá fún ọjọ́ díẹ̀, gbogbo ilé yọ̀. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, gìrì gbé e ṣánlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò tó ti ń yan ẹja.

Ìfẹ́ ló mú ìyá yẹn sọ̀rọ̀, àmọ́ ó fi agbára mú ohun tó gba ẹ̀sọ̀. Bí a bá já oògùn gbà lójijì lọ́wọ́ ọpọlọ tó ti mọ́ lára, gìrì lè padà wá ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ó sì lè pa ènìyàn. Dókítà pàápàá sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìwọ̀n kékeré, kí ara lè gbà á, a sì máa fi kún un díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá sì tó àkókò láti fi í sílẹ̀, díẹ̀díẹ̀ náà ni yóò máa bù ú kù. Ẹ̀sọ̀ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi.

Oògùn kọ̀ọ̀kan ló ní ìnira tirẹ̀. Phenobarbital, tí wọ́n ti ń lò láti 1912, máa ń mú oorun kunni. Phenytoin, tó dé ní 1938, lè mú erìgì wú. Sodium valproate lè mú irun re, ó sì lè ṣe ọmọ inú oyún ní jàǹbá. Obìnrin tó ń retí oyún gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà. Levetiracetam lè sọ onísùúrù di oníbìínú, ará ilé á máa rò pé ìwà ló yí padà. Dókítà lè dín ìwọ̀n kù, ó sì lè rọra fi òmíràn rọ́pò rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọpọlọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń san náà ń gbàgbé nǹkan, ó sì ń tètè rẹ̀. Kí dókítà lè mọ ti àìsàn yàtọ̀ sí ti oògùn, ẹ ra ìwé kékeré kan. Ẹ kọ ọjọ́, aago tí ẹ lo oògùn, àti ohun tó tẹ̀lé e. Ẹ mú un lọ́wọ́ lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹ̀sọ̀ kọ́ ni ìjáfara o, ìjáfara léwu. Bí ara ẹni tó ń lo oògùn bá sú, bí ẹnu rẹ̀ bá ń bó, tàbí bí ẹni náà bá ń sọ pé òun fẹ́ pa ara òun, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Bí gìrì bá sì gbé e, àwọn kan a máa fi ṣíbí ya ẹnu rẹ̀, àwọn kan a máa ti ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ iná, àwọn mìíràn a máa rọ àgbo ìtọ̀ màálù sí i lọ́fun. Agbára ni gbogbo èyí, jàǹbá ló sì ń dá sílẹ̀. Ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́, ẹ tẹ́ aṣọ sábẹ́ orí rẹ̀, ẹ wo aago. Bí ó bá kọjá ìṣẹ́jú 5, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Wárápá, ìyẹn kí gìrì máa gbéni léraléra, kì í ṣe àjèjì láàárín wa. Ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Ìgbọ́-Ọrà, tí wọ́n gbé jáde ní 1987, rí ẹni 5 ó lé díẹ̀ nínú 1,000 tó ní in. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì sọ pé, bí ìtọ́jú bá péye, ó lè tó ẹni 70 nínú 100 tí gìrì kò ní gbé mọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ọkọ, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, bí oògùn bá ń ni ẹnì kan yín lára, ẹ má dà á nù, ẹ má sì dákẹ́. Ẹ sọ fún dókítà kí ẹ tó fọwọ́ kan ìwọ̀n rẹ̀.