Ààbò Ni Ìpìlẹ̀ Ìjà Orí Ẹ̀rọ

Láti ọdún 1991 tí ilé-iṣẹ́ Capcom ti ilẹ̀ Japan ti gbé Street Fighter II jáde ni géèmù ìjà ti gba ọkàn àwọn ọ̀dọ́ káàkiri ayé. Ènìyàn méjì a jókòó síwájú ẹ̀rọ, olúkúlùkù a yan akọni tirẹ̀, wọn a sì máa jà títí agbára ọ̀kan yóò fi tán. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ eré náà: gbogbo bọ́tìnnì ni yóò máa tẹ̀ ní ìtẹ̀kutẹ̀. Bí ó borí, kò mọ ìdí rẹ̀. Bí wọ́n borí rẹ̀, kò mọ ìdí rẹ̀ bákan náà. Ní èrò tèmi, bí a ti ń dáàbò bo ara ẹni ni ó yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ kọ́, kí ó tó kọ́ bí a ti ń lu ni.

Àwọn kan yóò wí pé ààbò nìkan kò lè ṣẹ́gun. Òtítọ́ ni; ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi ọjọ́ púpọ̀ há ìlù mẹ́wàá sórí, tí kò sì lè dènà ẹyọ kan, níbo ni yóò ti rí àyè lo mẹ́wẹ̀ẹ̀wá? Nínú Street Fighter, bí a bá fa ọ̀pá ìdarí sẹ́yìn, akọni wa yóò dènà ìlù. Ìbẹ̀rẹ̀mọ́lẹ̀ ni a fi ń dènà ẹni tí ó gbá ni lẹ́sẹ̀. Ìdúró ni a fi ń dènà ẹni tí ó fò wá láti òkè. Ìdènà borí ìlù, ìgbánimú borí ìdènà, ìlù sì borí ìgbánimú. Bí ọ̀tá bá ju ìlù ńlá tí a sì dènà rẹ̀, kì í tètè padà bọ̀ sípò. Ìgbà náà gan-an ni kí a dá tirẹ̀ padà fún un.

Ní ọdún 2004, níbi ìdíje Evo ní ìpínlẹ̀ California, Daigo Umehara ti ilẹ̀ Japan bá Justin Wong ti Amẹ́ríkà jà nínú Street Fighter III. Agbára akọni Umehara ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá. Wong rọ̀jò ìlù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lé e lórí, ìdènà lásán kò sì lè gbà á, nítorí irú ìlù bẹ́ẹ̀ a máa bu agbára ẹni tí ó dènà rẹ̀ jẹ. Umehara ń ti ọ̀pá rẹ̀ síwájú ní àkókò gan-an tí ìlù kọ̀ọ̀kan ń balẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ gbogbo wọn, ó dá ìjà padà, ó sì borí. Títí di òní, ààbò yẹn ni àwọn ènìyàn ń ròyìn.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ yan akọni kan ṣoṣo, kí ẹ má sì máa pààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ bá ẹni tí ó mọ̀ ọ́n jù yín lọ ṣeré, kí ojú má sì tì yín bí ó bá borí yín. Bí ẹ bá pàdánù, ẹ má ju ọ̀pá sílẹ̀ pẹ̀lú ìbínú, ẹ bi ara yín pé, "Ìlù wo ni ó gbé mi ṣubú?" Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí apá ìdánrawò tí ó wà nínú géèmù, kí ẹ mú kí ẹ̀rọ máa ju ìlù náà lù yín títí ẹ ó fi mọ bí a ti ń dènà rẹ̀. Àwọn baba wa wí pé, bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹni tí ó bá ń wo ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀ ni yóò mọ eré náà.