Ooru Yàtọ̀ sí Ìgbóná

Ní ọdún 1959, òǹkọ̀wé ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, C. P. Snow, sọ nínú àsọyé kan ní Cambridge pé òun ti bi àwọn ọ̀mọ̀wé lítíréṣọ̀ bóyá wọ́n lè ṣàlàyé òfin kejì nípa ooru àti okun, wọn kò sì rí i dáhùn. Lójú tirẹ̀, ńṣe ni ó dà bí ìgbà tí a bi onísáyẹ́ǹsì bóyá ó ti ka Shakespeare rí. Ọ̀rọ̀ náà kan àwa olùkọ́ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń há òfin wọ̀nyí sórí fún ìdánwò WAEC láìmọ ohun tí wọ́n há. Ní tèmi, èdè tí a fi ń kọ́ wọn wà lára ohun tí ó fà á.

Ẹ wo "agbára". Òun nìkan ni a sábà ń fi pe ohun mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀, "ipá" wà fún ohun tí ó ń ti nǹkan tàbí tí ó ń fà á, "okun" wà fún ohun tí a fi ń ṣiṣẹ́, kí a wá fi "agbára" sílẹ̀ fún bí a ṣe ń yára ná okun náà tó.

Ti ooru tilẹ̀ rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó ní "ooru ń mú mi" kò sọ pé ara òun gbóná. Ibà ni ti ìyẹn. Bí omi lítà 1 àti lítà 20 bá ń hó, ìgbóná wọn dọ́gba, nǹkan bí 100°C. Ṣùgbọ́n láti 25°C dé ibẹ̀, èkíní gba bíi kilojoule 315, èkejì gba 6,300. Ìgbóná ni ipò tí nǹkan wà. Ooru ni okun tí ó ń ṣàn láti ibi gbígbóná lọ sí ibi tí ó tutù.

Entropy ni ó ṣòro jù. Rudolf Clausius, ará Jámánì, ni ó dá orúkọ náà ní 1865, láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó túmọ̀ sí ìyípadà. Orúkọ a kúkú máa ro ọmọ. Bí olùkọ́ bá pè é ní "ìdàrúdàpọ̀", ọkàn akẹ́kọ̀ọ́ yóò lọ sí ọjà tí ìjà ti bẹ́ sílẹ̀. "Ìtúká" ni èmi yóò pè é. Ẹ bu ẹ̀kọ gbígbóná sínú abọ́, kí ẹ fi í sílẹ̀. Kò sí rúkèrúdò kankan níbẹ̀. Ẹ̀kọ jókòó jẹ́ẹ́. Ooru rẹ̀ kò ṣègbé, nítorí okun kì í parun, èyí tí í ṣe òfin kìíní. Ó kàn tú ká sínú afẹ́fẹ́ iyàrá ni, kò sì ní kó ara rẹ̀ jọ padà wá mú ẹ̀kọ náà gbóná. Òfin kejì nìyẹn: ìtúká gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ kì í dín kù.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbọ́n yóò béèrè pé fíríìjì tí ó ń sọ omi di yìnyín ńkọ́? Ẹ ní kí ó fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn fíríìjì náà (bí iná bá wà). Ooru tí a lé jáde nínú omi wà níbẹ̀, pẹ̀lú iná mànàmáná tí a ná, ìtúká tí wọ́n sì dá sílẹ̀ nínú ilé ju èyí tí ó dín kù nínú yìnyín lọ. Ní ilé tí kò sí fíríìjì, àmù lè ṣe iṣẹ́ ẹ̀kọ́ náà: omi ń yọ díẹ̀díẹ̀ lára amọ̀, ó ń gbẹ sínú afẹ́fẹ́, ó sì ń gbé ooru lọ. Kí akẹ́kọ̀ọ́ wá ṣàlàyé ìdí tí omi àmù fi ń tutù jù nígbà ọyẹ́.