Kì Í Ṣe Kọ̀ǹpútà Ló Ń Ṣe É

Ẹ dé ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé èyíkéyìí ní Ṣómólú, ní Mùṣín, tàbí ní Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn, ẹ ó gbọ́ ọ kí ilẹ̀ tó ṣú: “Ṣebí kọ̀ǹpútà ló ń ṣe é?” Ẹnu oníbàárà ló ti máa ń jáde, nígbà tí wọ́n bá dárúkọ owó iṣẹ́ dìsáìnì fún un. Kò ní mí kó tó béèrè pé èló ni jálẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ wá lára débi pé àwọn atẹ̀wé pàápàá gbà á gbọ́, àwọn òbí sì fi ń dá ọmọ lẹ́kun kíkọ́ iṣẹ́ náà. Mo kọ ìwé-pẹlẹbẹ yìí láti sọ pé irọ́ ni, àti pé irọ́ náà ń pa oníbàárà lára bó ṣe ń pa dìsáínà lára.

Kò sẹ́ni tó ń sọ fún télọ̀ pé ẹ̀rọ ìránṣọ ló rán agbádá òun, kó wá gba ìdajì owó. Gbogbo wa mọ̀ pé ẹni tó gé aṣọ là ń sanwó fún. Ti dìsáínà ni kì í hàn sójú, nítorí pé bí iṣẹ́ rẹ̀ bá dára, ńṣe ló máa ń dà bíi pé kò sí ọ̀nà mìíràn tí ì bá gbà rí.

Ẹ jẹ́ ká mú ìwé ètò ìsìnkú, torí kò sí ìdílé tí kò ní ṣe é lọ́jọ́ kan. Àkọ́bí olóògbé fi fọ́tò màmá ránṣẹ́ lórí WhatsApp, tí WhatsApp sì ti fún un pọ̀. Lójú fóònù, ó ń dán. Lójú èèpo ìwé, ojú màmá á fọ́ wẹ́wẹ́. Dìsáínà ló máa mọ èyí kí ìwé tó dé orí ẹ̀rọ. Òun ló máa ní kí wọ́n lọ wá ojúlówó fọ́tò náà wá, tàbí kó jókòó tì í títí yóò fi ṣeé tẹ̀. Orúkọ àwọn ọmọ ló kàn: ta ló ṣáájú, ta ló tẹ̀lé e, ta ni Olóyè, ta ni Alhaja, ọmọ ìyàwó wo ni wọn yóò kọ́kọ́ dárúkọ. Ìlà kan ṣoṣo nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ lè dá ìjà sílẹ̀ láàárín ẹbí. Lẹ́yìn náà ni èdè Yorùbá fúnra rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn fọ́ǹtì tó rẹwà ni kò ní ṣ, tàbí ẹ àti ọ tó gbé àmì ohùn. Tẹ orúkọ sínú wọn, kí àpótí òfìfo jáde láàárín orúkọ bàbá ẹni, tàbí kí lẹ́tà kan yọ gànnàkù bíi pé ibòmíràn ni wọ́n ti gé e wá. Dìsáínà tó mọṣẹ́ á fi ọwọ́ ara rẹ̀ to àwọn àmì yẹn sórí lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ojú ewé dé ojú ewé. Kò sí bọ́tìnnì tó ń ṣe é.

A ò tíì kan àwọ̀. Ìmọ́lẹ̀ ni fóònù fi ń gbé àwọ̀ jáde. Yíǹkì mẹ́rin ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń lò, sáyáànì, màjẹ́ńtà, yẹ́lò àti dúdú. Búlúù tó ń tàn yòò lójú fóònù kò sí nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí. Bí wọn kò bá tètè tún un ṣe, aṣọ ẹbí tó jẹ́ búlúù lè jáde ní elése àlùkò. Àwòrán tó bá kan etí ìwé gbọ́dọ̀ kọjá etí náà ní bíi mílímítà mẹ́ta, kí ọ̀bẹ ìgéwé má baà fi funfun sílẹ̀. Gbogbo èyí ló ti gbọ́dọ̀ parí kí wọ́n tó yọ pléètì, torí pléètì tó bá ní àṣìṣe, dídànù ni. Tí ẹ̀dà 500 bá sì wá jáde pẹ̀lú ọjọ́ ìsìn tí kì í ṣe ọjọ́ rẹ̀, dìsáínà la máa pè láàárín òru. A kì í pe kọ̀ǹpútà.

Àwọn kan á ní: ó dáa, ṣùgbọ́n wákàtí mélòó ló fi ṣe é? Ibí gan-an ni ìṣirò wa ti ń wọ́. Ní 1971, Carolyn Davidson, akẹ́kọ̀ọ́ ní Portland State University l'Amẹ́ríkà, ya àmì tí Nike ń lò títí dòní. Dọ́là méjì ló ń gbà fún wákàtí kan. Dọ́là 35 ni gbogbo owó tí wọ́n san fún un. Kò sí kọ̀ǹpútà lórí tábìlì rẹ̀. Ní 1983, ilé-iṣẹ́ náà pè é, wọ́n fún un ní òrùka wúrà àti ìpín nínú okòwò wọn. Wọ́n máa ń sọ ìtàn yìí bí ìtàn ọ̀làwọ́. Ẹ̀rí ni lójú tèmi: àwọn tó sanwó náà fúnra wọn rí i pé dọ́là 35 kò tíì pa gbèsè rẹ́. Ní 1986 ẹ̀wẹ̀, Steve Jobs san 100,000 dọ́là fún Paul Rand kó ya lógò fún NeXT, ilé-iṣẹ́ rẹ̀. Lógò kan ṣoṣo ni Rand gbé wá, kò gbé méjì wá kí wọ́n ṣà nínú rẹ̀. Ẹ fi wákàtí pín owó yẹn, kò ní pín. Ẹni tó ti ya lógò IBM, ti UPS àti ti ABC ni Rand. Ojú tó fi ń wo nǹkan ni Jobs rà, pẹ̀lú ìgboyà láti sọ pé èyí ni, kì í ṣe ìyẹn.

N kò ní kí ìyá olóúnjẹ ní Agége lọ wá 100,000 dọ́là o. Ohun tí mò ń sọ ni pé iṣẹ́ kan náà ni wọ́n san dọ́là 35 fún níbì kan, tí wọ́n san 100,000 fún níbòmíràn. Kì í ṣe wákàtí, kì í sì í ṣe ẹ̀rọ, ló fa ìyàtọ̀ àárín wọn.

Ẹ jẹ́ ká bọ̀ sílé. Ní 1959, Táíwò Akínkúnmi, ọmọ Ìbàdàn tó ń kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ ìdíje àsíá fún Nàìjíríà tó fẹ́ gbòmìnira. Àwọ̀ ewé, funfun, àwọ̀ ewé ló fi ránṣẹ́, pẹ̀lú oòrùn pupa láàárín. Àwọn adájọ́ yọ oòrùn náà kúrò. Ẹ̀bùn £100 ló gbà. Mo gbà pé kì í ṣe owó kékeré lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nígbà náà, n kò sì ní kí ìjọba máa ka owó fún un lórí àsíá kọ̀ọ̀kan. Ohun tó tẹ̀lé e ló ń dùn mí. Wọ́n gbé àsíá náà sókè ní 1 Oṣù Kẹwàá 1960. Ó di 2014 kí ìjọba àpapọ̀ tó fi oyè OFR dá a lọ́lá. Nígbà tó kú ní oṣù kẹjọ 2023, ó lé ní ọdún kan kí wọ́n tó sin ín, torí ẹbí ń retí ìsìnkú tí ìjọba yóò ṣe. Àsíá rẹ̀ kò fìgbà kan sọ̀ kalẹ̀ ní gbogbo àkókò yẹn. Orílẹ̀-èdè tó bá hu irú ìwà yìí sí ẹni tó ya ojú rẹ̀ fún un, ta ni yóò kọ́ oníṣòwò nínú rẹ̀ láti bọ̀wọ̀ fún ẹni tó ya lógò yoghurt?

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé àṣà wa ni. Nígbà tí wọ́n gbé ilẹ̀kùn tí Olówè ará Ìsẹ̀ gbẹ́ fún Ògògà Ìkẹ́rẹ́ lọ sí ìpàtẹ Wembley ní 1924, British Museum fẹ́ rà á. Ọba kò gbowó. Ìtẹ́ tí wọ́n ṣe n'ílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gbà dípò rẹ̀. Ìtẹ́ ọba la fi pààrọ̀ iṣẹ́ ọnà nígbà yẹn.

Àríyànjiyàn tó lágbára jù lọ báyìí ni ti Canva àti ti AI. Mo fara mọ́ apá kan rẹ̀. Bó bá jẹ́ àwòrán ọjọ́ìbí tí ẹ fẹ́ gbé sórí sítétọ́ọ̀sì, ẹ ṣe é fúnra yín, ẹ má pe dìsáínà rárá. Bákan náà, kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní dìsáínà ni owó rẹ̀ kéré: ẹni tó kó àwòrán ẹlòmíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó kàn yí orúkọ inú rẹ̀ padà, ohun tó ń gbà ti tó o. Ṣùgbọ́n lógò tí AI yọ fún yín kò lè sọ fún yín pé ó jọ ti ẹni tó ń ta irú ọjà yín níbòmíràn, kò sì ní bá yín dúró nígbà tí onítọ̀hún bá gbé lọ́yà dìde.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ọjà ló mọ iye tí nǹkan tó, ẹ ronú sí èyí. Epo bẹntiróòlù kò tó 200 náírà lítà kan kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ kúrò ní oṣù karùn-ún 2023. Nígbà tó fi máa di ìparí 2024, ó ti tó 1,000. Dọ́là ni wọ́n fi ń ta sọ́fítíwíà ìyàwòrán, dọ́là kan sì kúrò ní nǹkan bí 460 náírà ní oṣù kẹfà 2023, ó kọjá 1,500 ní 2024. Owó pépà àti owó yíǹkì bá a gòkè, oníbàárà ráhùn, ó san án. Owó dìsáìnì nìkan ló ní kó dúró síbi tó wà. Kí ló dé? Torí pé àwa tí a wà nídìí iṣẹ́ ìtẹ̀wé la kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Àwa la gbé “dìsáìnì ọ̀fẹ́” kọ́ sí iwájú ṣọ́ọ̀bù kí oníbàárà lè wá tẹ̀wé lọ́dọ̀ wa. A fi owó náà pamọ́ sínú owó pépà, a fi ìwọ̀nba há fún ọmọ tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, oníbàárà sì jáde lọ pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé iṣẹ́ yẹn kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ẹni tó ń sọ pé ọjà ló pinnu owó dìsáínà kò tíì wo bí a ṣe pa owó náà mọ́ kúrò lójú ọjà.

Nítorí náà, ẹ̀yin dìsáínà, ẹ gba ìdajì owó kí ẹ tó tan kọ̀ǹpútà. Ẹ sọ iye ìgbà tí ẹ ó tún iṣẹ́ ṣe. Ẹ béèrè ibi tí wọn yóò ti lò ó àti iye ọdún tí wọn yóò fi lò ó, torí lógò tí yóò wà lára mọ́tò mẹ́wàá kì í ṣe ẹgbẹ́ ìwé ìpè ọjọ́ kan. Ẹ sì mọ òfin: tí ẹ kì í bá ṣe òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà, ẹ̀yin lẹ ni ẹ̀tọ́ lórí ohun tí ẹ yà, àfi tí ẹ bá fọwọ́ sí ìwé pé ẹ ti yọ̀ǹda rẹ̀. Ẹ̀yin oníbàárà, tí owó kò bá tó, ẹ dín iṣẹ́ kù, ẹ má dín ènìyàn kù: àwọ̀ méjì dípò mẹ́rin, ojú ewé mẹ́jọ dípò mẹ́rìndínlógún.

Ẹ̀yin atẹ̀wé ẹlẹgbẹ́ mi, láti ọ̀la lọ, ẹ sọ pátákó “dìsáìnì ọ̀fẹ́” yẹn kalẹ̀. Lórí rìsíìtì, ẹ kọ pépà sí ìlà tirẹ̀, ẹ kọ pléètì sí ìlà tirẹ̀, ẹ kọ dìsáìnì sí ìlà tirẹ̀ pẹ̀lú iye owó rẹ̀ níwájú, kí oníbàárà kà á kó tó sanwó.