Ológìnní Kì Í Ṣe Àjẹ́

Ọmọbìnrin kan ládùúgbò wa ní Kakuri ṣẹ̀ṣẹ̀ rí iṣẹ́ àtajà ní ọjà Sheikh Abubakar Gumi. Àárọ̀ ló ń jáde, alẹ́ ló ń wọlé. Ológìnní méjì tó ń sìn ń ké lọ́sàn-án, ni àwọn ará ilé bá ní àjẹ́ ni wọ́n, kí ó lé wọn tàbí kí ó kó jáde. Wọ́n gbé ẹjọ́ náà wá bá mi.

Mo ní rárá. Àwọn Hausa tí a jọ ń gbé ń sin mage. Ẹ̀sìn Ìsìláàmù kò sì kà á sí ohun ẹlẹ́gbin. Ìlú Lassa ní Borno ni ibà Lassa ti kọ́kọ́ hàn lọ́dún 1969. Èkúté ló ń gbé e kiri, tó ń tọ̀ sínú oúnjẹ wa. Bí ológìnní bá kúrò nílé, ilé di ilé èkúté.

Mo bá ọmọ náà wí pẹ̀lú: ebi ló ń mú wọn ké. Kí ó gbé oúnjẹ àti omi kalẹ̀ kí ó tó lọ. Ìyá yàrá kejì ti gbà láti máa bá a wò wọ́n.

Ẹ jọ̀wọ́, ọmọ tó ń wá oúnjẹ òòjọ́ lájò, ẹ má fi ọ̀rọ̀ àjẹ́ lé e kúrò nílé.