Igbó àti Àwọn Ọmọ Wa

Àwa kò sọ pé kí ọmọ ẹnikẹ́ni mu igbó o. Ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n kì í ṣe oògùn rẹ̀. Ní 1966 ìjọba ológun ṣòfin pé ikú tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún 21 ni fún ẹni tó bá gbìn ín. Síbẹ̀, ìwádìí ìjọba ní 2017 fi hàn pé nǹkan bí mílíọ̀nù 10.6 ènìyàn ló lò ó láàárín ọdún kan. Kí òfin ya oníṣòwò igbó sọ́tọ̀ kúrò lára ọmọ tí wọ́n bá ìdì kékeré kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó ti ẹ̀wọ̀n dé, ta ni yóò gbà á síṣẹ́? Ọwọ́ tó na ọmọ, òun náà ni í fà á mọ́ra. Ẹ bá àwọn aṣòfin yín sọ ọ́.