Àbùkù Tí Mo Dá Padà
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń lé àbùkù kan kúrò nínú lẹ́ǹsì tí mò ń ṣètò lórí kọ̀ǹpútà: èyí tó ń mú ìlà tó gún tẹ̀ bí ẹ̀gbẹ́ àgbá. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn! Àṣé iṣẹ́ òfo ni.

Nínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé alálésà, dígí tó ń yí bírí ló ń gbá iná lésà láti etí kan dé èkejì. Bí lẹ́ǹsì tó ń kó iná jọ ní 200 mm kò bá ní àbùkù yẹn, iná tó yà ní dígírì 20 kúrò láàárín máa balẹ̀ sí 72.8 mm, 69.8 la fẹ́. Lẹ́tà etí ìwé á wá fẹ̀ ju ti àárín lọ.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí kún ẹ̀kọ́ wa. Ní tèmi, mo ti dá àbùkù náà padà.